Ikán Tó Jẹ Ìwé Bàbá Mi

Bàbá Jọláadé,

Mo ti lọ sí Tudun Wada, sílé Zuwera alákàrà. Ẹ má tẹ̀lé mi.

Nígbà tí mo ti Abẹ́òkúta dé, tí mo bá àpótí ìwé bàbá mi lófìfo, ẹ ní ikán ló jẹ gbogbo rẹ̀. Mo sunkún, ẹ tún ń kí mi pẹ̀lẹ́! Láàárọ̀ yìí mo ra àkàrà, mo tú u, ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni mo rí. Epo ti bo ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ sí. Zuwera ní, "Wàláì, ọkọ yín ló kó o wá tà fún mi."

Ẹ̀yin akọ̀wé rélùwéè! Bébà òyìnbó kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sọnù lọ́fíìsì yín, ẹ ń tò ó, ẹ ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ti bàbá tèmi lẹ wá sọ di ohun tí wọ́n ń fi wé àkàrà.

Mo ra gbogbo àkàrà orí àtẹ rẹ̀ kí n lè gba ìwé tó fi wé e. Mo ń lọ kó èyí tó kù nílé rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn ìwé tí mo sá sórí ibùsùn.

N kò dáná o. Àkàrà wà nínú abọ́. Ti ikán ni.