Etí Ìyálé Mi Lórí Àyà Fàtímọ̀

Ìwó,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Òkúdù, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Mùkáílà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Jẹ́bà? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò mú yín jù? Ara tèmi le, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Ẹ ó rántí pé mo kọ̀wé sí yín lóṣù tó kọjá pé kí ẹ wá kó èmi àti Fàtímọ̀ kúrò nílé ọkọ mi, nítorí pé Ṣẹ̀fíátù, ìyálé mi, lọ́wọ́ nínú àìsàn ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá sáré díẹ̀, tí ètè rẹ̀ á dú, tí yóò lóṣòó sílẹ̀, tí yóò máa mí gúlegúle, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Láàárọ̀, bí ìyálé mi bá ti kírun Àsùbáà tán, wọn á yọ́ wọlé, wọn á gbé etí lé e láyà, wọn á sì dákẹ́ títí. Èmi á máa díbọ́n bí ẹni tó sùn. Wọn kì í jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, ẹ̀yìn wọn ló ń wà ṣáá. Ta ló fẹ́ràn ọmọ orogún tó bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́tí pẹ́ jù, ọjọ́ náà ló dákú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀? Oúnjẹ tí wọ́n bá fún un, adìyẹ ni mò ń dà á fún. Adìyẹ ò kú, mo ní wọ́n ń fọgbọ́n ṣe é ni.

Ọkọ mi mú wa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọsibítù kan n'Ìbàdàn. Dókítà ní ọkàn èèyàn ní ògiri tó pín in sí méjì, pé ti Fàtímọ̀ lu láti inú oyún, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wà lọ́tọ̀ sì ń dà pọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣe é. Mi ò gbà. Ta ló ríran wọnú àyà tí kò là á? Ló bá fi rọ́bà tó fi ń gbọ́ àyà sí mi létí. Mo gbọ́ ọ, fùù, fùù, bí ẹni ń fẹ́ná. Ó ní wọn ò tíì lè rán irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, kí a máa mú un wá, kó má sì máa sáré.

Bí a ti délé, mi ò tíì sọ nǹkan kan tí ìyálé mi fi bi mí pé, "Ṣé wọ́n gbọ́ bí ẹni ń fẹ́ná?" Mo ní lọ́kàn mi pé ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Mùrí, ọmọ mi, ní i, kí o tó wọlé yìí. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, títí di àárọ̀ tí n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mi ò fẹ́ fẹnu ara mi pe irú rẹ̀ sọ́mọ ẹ ni n kò ṣe sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Ẹni tó ń bá mi ṣọ́ ọmọ ni mo pè ní àjẹ́. Ẹ dákun, ẹ má wá kó wa mọ́. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ wá bá mi bẹ̀ wọ́n ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ máa gbóhùn àwọn ọmọ yín títí dọjọ́ alẹ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Ràhámọ̀tù.

Àfikún: Mo ṣì ń wo ọwọ́ wọn bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ fún un. Ìwà kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, èmi ni mo tú bọ́tìnnì ẹ̀wù Fàtímọ̀, tí mo sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n gbé etí lé e, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ṣì ń fẹ́ná."