Bí Ẹ-jọ̀ọ́ Ṣe Kọ́ Láti Sọ Pé Rárá

Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí òjò dá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí orúnkún yín lọ́tọ̀, torí mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá mo rántí òun. Ṣé ara ti ń le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, kó sì bá yín lórí ìjókòó, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kà lórí ìdúró. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé. Ikọ́ díẹ̀ ń yọ bàbá ọmọ lẹ́nu, ó sì ti sọ ikọ́ náà diṣẹ́ kí n lè máa gbé omi gbígbóná fún un.

Ìròyìn náà rè é: ọmọ yín ti gba ìwé àṣẹ. Ẹ-jọ̀ọ́, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún, ti di awakọ̀ òfurufú. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ìwé náà. Ó dijú díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ pariwo báyìí. Ẹ pariwo tán kẹ́ ẹ tó máa kà á lọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Ẹ-jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ débi pé bí ewúrẹ́ bá dínà, á ní ẹ jọ̀ọ́, bó bá sì fẹsẹ̀ kọ àga, àga ló ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ fún. Gbogbo àdúgbò ló ń tìtorí ẹ̀ yìn wá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kọ́ dáadáa yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń ṣe, awọ àti fóòmù. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tó wà lẹ́yìn ilé epo ló ní kí n wá tún ìjókòó bàálù kékeré wọn rán. Mo rò pé n óò bá ohun ńlá níbẹ̀. Bàálù tí mo bá, inú ẹ̀ ò fẹ̀ tó inú mọ́tò onílẹ̀kùn méjì. Ẹ-jọ̀ọ́ bá mi gbé fóòmù lọ, ló bá jókòó síwájú àwọn aago tó tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo ní kó sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, kò jiyàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ń jẹun, òkè ló ń wò.

Owó ẹ̀ ni mi ò rí irú ẹ̀ rí. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń ta òfurufú, bí ẹni ń ta epo ní lítà. Bí ẹ̀rọ bá ti dún, owó ti ń jó nìyẹn, bàálù ì báà má tíì kúrò lójú kan. Owó olùkọ́ lọ́tọ̀, owó dókítà tó yẹ ojú wò lọ́tọ̀, owó ìdánwò lọ́tọ̀. Bàbá ọmọ ní látìgbà tí òun ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń sanwó fún òun ni, kò sẹ́ni tó ní kí òun sanwó kóun tó di sítíà mú. Mo wá bá ọ̀gá wọn dúnàádúrà pé kó máa fi wákàtí san owó iṣẹ́ mi. Mo rán ìjókòó gbogbo bàálù wọn, mo rán àga ọ́fíìsì, mo rán àga ibi tí àlejò ń dúró sí, títí kò fi sí ohun tó ní fóòmù nínú níbẹ̀ mọ́ tí ọwọ́ mi ò kàn. Lẹ́yìn náà ni mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin fi owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe òrùlé ránṣẹ́. Bàbá ọmọ máa ń sọ pé òrùlé yín ló ń fò kiri lójú sánmà yẹn, kì í ṣe ìjì ló ṣí i. A máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ níbí, yàrá yín ni ọkàn mi ń lọ, mo sì ń ronú nípa àwọn abọ́ tí ẹ fi ń gbe omi.

Ọmọ náà mọ̀ ọ́n wà. Olùkọ́ rẹ̀, obìnrin kan tí kì í yin èèyàn bọ̀rọ̀, sọ lójú mi pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọjọ́ ìdánwò, àyà mi ò já. Bàbá arúgbó kan ló wá dán an wò, orí funfun báláú, irú ẹni téèyàn ń dìde fún nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n gbéra, gbogbo ohun tó ní kó ṣe ló ṣe láìṣì. Nígbà tí wọ́n fò dé orí odò kan, bàbá náà nawọ́ sísàlẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ilé ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, mo fẹ́ wò ó dáadáa.” Ẹ-jọ̀ọ́ mọ̀ pé kò yẹ kí bàálù sọ̀kalẹ̀ ju ibi tó wà lọ, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibí ti dáa?” ló bá sọ̀kalẹ̀. Bàbá ní ó ku díẹ̀. Ó tún sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n balẹ̀ ni bàbá sọ fún un pé kò yege. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan létí odò. Ó ní, “Ìwọ lọ̀gá inú ọkọ̀ yẹn, èrò lèmi. Mo ní kí o ṣe ohun tó lè pa àwa méjèèjì, o sì bi mí bóyá ibẹ̀ dáa.” Mo bínú sí bàbá yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní irú àgbà wo ló ń tan ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Owó tó kù lọ́wọ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló tún lè gbé e gòkè fún ìdánwò. Bó bá tún já, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rọ tó kù la fi ń jẹun, ẹ̀yin náà ò sì ní òrùlé méjì.

Bàbá ọmọ ló dá ọgbọ́n kan. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí gbogbo àgbà tó bá wọlé wa máa pàṣẹ tí kò bọ́gbọ́n mu, kí Ẹ-jọ̀ọ́ sì máa sọ pé rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó bu iyọ̀ sí tíì òun. Ọmọ bu iyọ̀ sí i, ó tún rò ó dáadáa, bàbá sì ti mu ún dé ìdajì kó tó rántí pé òun lòun ní kó ṣe é. Ó ní kó gbé bàtà òun sínú fìríìjì. Ọmọ bi í léèrè, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, òkè ni àbí ìsàlẹ̀?” Onígbàjámọ̀ tó múlé tì mí ní kó wá jókòó kí òun fá ẹ̀gbẹ́ kan irun rẹ̀. Ó jókòó. Onígbàjámọ̀ ló gbé abẹ tó sá wọlé. Àwa ń rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún àgbà, ó máa ń dà bíi pé mo fẹ́ bú wọn.”

Ọjọ́ kan báyìí, oníbàárà mi kan wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá tó ti tó bàbá wa ni, kò sì lè wo nǹkan kó má nawọ́ tọ́ka sí i. Ẹ-jọ̀ọ́ ló wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń sáré lórí awọ. Bàbá ní ibi báyìí lòun fẹ́ kí ìlà gbà, ìka rẹ̀ sì ń lọ tààrà sábẹ́ abẹ́rẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, Ẹ-jọ̀ọ́ ti gbá ọwọ́ náà kúrò. Ó ní, “Rárá, sà. Ẹ yọwọ́.” Bàbá wo ìka rẹ̀, ó kà wọ́n, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.”

Ọmọ ti ń múra láti bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo pa ẹ̀rọ. Mo bi í, “Ṣé o bú wọn ni?” Ó ní, “Rárá, mà.” Mo ní, “Ìwọ náà gbọ́ ara ẹ, o tún ti sọ ọ́.” Mo wá ṣàlàyé fún un pé ẹ yọwọ́ ló sọ, kò sọ pé yọwọ́, kò sì gbàgbé sà. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, rárá wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ sórí àga kan, àga ò sì kán. Mo ní abẹ́rẹ́ ò mọ àgbà, ilẹ̀ náà ò sì mọ àgbà tí bàálù bá ń bọ̀. Ó ní, “Ó yé mi, mà.” Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ ní kó tún bu iyọ̀ sí tíì. Ó ní, “Rárá, sà. Ẹ ò ní lè mu ún, ẹ jọ̀ọ́.” Ẹ ò rí i bí bàbá ṣe ń fò sókè, bí ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́ tuntun.

Bàbá olórí funfun yẹn náà ló tún wá ní ìgbà kejì. Èmi àti bàbá ọmọ dúró lẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí pápá bàálù ká, a rí bàálù tó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ti sún mọ́lẹ̀ gan-an, ló bá tún gbéra lọ sókè. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ọmọ mú, bọ́tìnnì rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́, mi ò tíì rán an padà títí di òní. Àṣé bàálù mìíràn ṣì wà nísàlẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń balẹ̀ sí ni. Bàbá tó ń dán an wò sì ti sọ fún un pé kó tètè gbé e balẹ̀, ebi ń pa òun. Ẹ-jọ̀ọ́ ní, “Rárá, sà. Ọkọ̀ kan ṣì wà lójú ọ̀nà. A máa yí po lẹ́ẹ̀kan sí i.” Bàbá tẹnu mọ́ ọn pé ebi ń pa òun. Ọmọ ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Rárá.” Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ó fa bisikíìtì yọ lápò, ó fún bàbá, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Bàbá jẹ bisikíìtì náà tán kó tó sọ fún un pé ó ti yege.

Èmi ló kọ́kọ́ gbé gẹ́gẹ́ bí èrò. Ìyà àkọ́kọ́ ni pé wọ́n wọ̀n mí. Ọmọ tí mo bí gbé mi lé òṣùwọ̀n lójú gbogbo èèyàn, torí bàálù kékeré kì í gba ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ka nọ́ńbà náà sókè ketekete. Mo gbójú fò ó. Mo ti ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán bàálù yẹn: mo ti tẹ́ awọ pupa sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ti ní kí onígbàjámọ̀ àti gbogbo aládùúgbò bọ́ síta, kí wọ́n máa juwọ́ sí mi bí mo bá ń kọjá lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi, ayé dùn wò látòkè. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún díẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Aṣọ ìjókòó tí mo jókòó lé, èmi ni mo rán an. Nígbà tí mo rí ilé epo, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà mọ́. Mo ní, “Yà sọ́wọ́ òsì, ká gba orí ṣọ́ọ̀bù.” Ẹ-jọ̀ọ́ wo apá òsì. Sánmà ti ṣú níbẹ̀, èmi ò tiẹ̀ kọbi ara sí i. Ó ní, “Rárá, mà. Òjò ń bọ̀ lápá ibẹ̀. A máa padà. Ẹ fa bẹ́líìtì yín le, ẹ jọ̀ọ́.”

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ó ti dé ètè mi kí n sọ pé ta lò ń bá sọ̀rọ̀. Mo wá wò ó. Kò wojú mi, iwájú ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, ọmọ kékeré tó ń sọ ẹ pẹ̀lẹ́ fún àga. Mo fa bẹ́líìtì mi le. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi, èmi tí mo bí i. Mo ní, “Mo ti gbọ́, mà.”

Òjò pa àwọn aládùúgbò títí wọ́n fi rin gbingbin, wọ́n ṣì ń bá mi jà. Àwa ti balẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ẹ fi ṣe ọmọ yìí kò ní lọ lásán. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín ó máa gbé yín dé ibi ayọ̀, orúnkún yín ò ní kọ̀ fún yín. Ibi tí ọmọ yín bá fò dé, ire ni yóò máa gbé bọ̀ wálé bá yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
ìyá awakọ̀, tó ti di èrò ọkọ̀ ọmọ rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ti ní kí n wá rán ìbòrí fún gbogbo bàálù tó wà níta. Mo ti sọ fún un pé mi ò gba wákàtí mọ́ lọ́tẹ̀ yìí, páànù ni mo fẹ́. Tiyín ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ-jọ̀ọ́ kí yín, ó ní ẹ̀yin lèrò òun tó kàn, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ kọ iye kílò yín ránṣẹ́. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ o, torí èmi yọ díẹ̀ kúrò nínú tèmi, òṣùwọ̀n wọn sì tú mi fó. Bí ẹ bá sì dókè tí ẹ ní kó sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí òrùlé yín tuntun dáadáa, ẹ ti mọ ohun tó máa sọ.