Etí Kéèkì Tí Ẹ Máa Ń Gé

Màmá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbi tí ẹ wà, torí náà ẹ jẹ́ kí n kàn ní ẹ káàárọ̀. Èmi ni o, ọmọ yín tó rẹwà jù ní gbogbo Lásúnwọ̀n. Ẹ má wo ìwé kíkọ mi. Ẹ mọ̀ pé èmi àti ilé ìwé ti tú ká tipẹ́, àwọn tíṣà gan-an ló sì kọ́kọ́ dúpẹ́. Bísí àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní kó lọ jókòó, tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀, kó ra ìwé tiẹ̀.

Iṣẹ́ ti dé o. Mi ò ta káàdì fóònù mọ́. Àwọn kan tó ń ṣe oúnjẹ àárọ̀, irú èyí tí wọ́n ń da mílíìkì sí, ló mú mi. Tí èrò bá ti ń tò ní Èbúté láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, màá bu díẹ̀ sínú ife kékeré fún wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò, màá sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹnu mi ò lè mú. Obìnrin kan ní òun ń gbààwẹ̀, mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, ó gba ife méjì, ó fi pamọ́ de ìṣínu.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ilé ló ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tó ń pariwo lẹ́nu láàárọ̀ ò ní rí àlàáfíà títí ilẹ̀ á fi ṣú! Ẹ wá wo àwa ọmọ yín báyìí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bísí po ògì. Ó ta kókó. A wo ara wa, a dà á nù. Ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn páálí yìí. Ọ̀kan wà tó le bí èèpo ẹ̀pà, tí Bísí bá ń jẹ ẹ́, mi ò kì í gbọ́ rédíò. Ọ̀kan rí roboto, ó dúdú, ṣúgà inú ẹ̀ lè jí òkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnu mi ló yọ̀. Ọ̀kan wá wà tó jẹ́ ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Tí èèyàn bá da mílíìkì gbígbóná sí i, tó ní sùúrù díẹ̀, ó ń rán èèyàn létí ẹnì kan. Ìyẹn la kì í fi tọrẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí, ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni. Ṣé ẹ mọ̀ àbí ẹ ò mọ̀? Wọn ò sọ fún ìyá yín pé ẹ ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀ọ̀dá Làtí, ẹ̀gbọ́n yín, pe èmi àti Bísí jókòó. Wọ́n ní òbí kì í rí òkú ọmọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ara Ìyá ò lè gba irú ìròyìn yẹn, ká máa sọ pé orúnkún ń dùn yín, ẹ ò lè wọ mọ́tò. Etí Ìyá ò gbọ́ fóònù mọ́, ẹ mọ̀, torí náà kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí irọ́ náà, torí ẹnu mi dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ti fi kún un pé obìnrin kan ń wá fi òrí ra orúnkún fún yín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìyá ṣàdúrà fún obìnrin náà. Oṣù mẹ́wàá gbáko lorúnkún yín fi dùn yín ní Ẹ̀pẹ́, màmá mi.

Kérésì wá dé. Gbogbo Kérésì tí mo mọ̀ láyé, kéèkì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò yín, Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ. Ìyá jẹ́ Àlàájà, wọn kì í ṣe Kérésì, kéèkì Kérésì ni wọ́n ń ṣe. Inú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà létí yẹn ló ń wọ̀, agolo ọ̀hún ò sì fìgbà kan padà lófìfo rí. Ẹja àrọ̀ yíyan mẹ́ta ni Ìyá máa ń kó sí i, èyí tó tóbi jù fún yín, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Bísí. Bọ̀ọ̀dá Làtí ní tí kéèkì ò bá lọ, Ìyá á fura. Àfi ká ṣe é, kó sì rí bíi tiyín.

Bísí kọ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, irọ́ ẹnu tó. Ẹ má fi ìyẹ̀fun pa irọ́.” Mo ní ṣé kí ìyá àgbà kú ni? Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ní kò burú, èmi nìkan tó o. Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń fẹ́ná fún yín? Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ kì í fi ṣíbí po bọ́tà àti ṣúgà, ọwọ́ lẹ fi ń pò ó, tí ẹ ó máa kọ orin tí ò lórí tí ò nídìí. Ẹ ó ha èèpo ọsàn sí i. Ẹ ó da ẹyín iná sórí ọmọrí ìkòkò. Tó bá ti jinná, tó tutù, ẹ ó mú ọ̀bẹ, ẹ ó gé etí ẹ̀ fẹ́ẹ́, ẹ ó jẹ ẹ́ lóòró, ẹ ó dijú. Ìgbà yẹn lẹ ó tó gbé e sínú agolo. Olè kéèkì ni mo máa ń pè yín. Ẹ ó ní ẹni tí ò tọ́ oúnjẹ wò ò gbọdọ̀ gbé e fún ìyá ẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀fun ló ń dà yín láàmú.

Ẹ wá jókòó dáadáa kí n tó sọ èyí. Mo ti da iyanrìn yín nù. Iyanrìn inú rọ́bà pẹ́ńtì abẹ́ tábìlì, èyí tí ẹ máa ń dà sí ìdí ìkòkò kí pánù kéèkì má baà fara kan iná. Lọ́sẹ̀ tí a sin yín, bíríkìlà tó wá tún àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣe ní iyanrìn òun ò pé. Mo ní gbà, ọ̀gá mi. Mi ò mọ̀ pé iyanrìn tí ẹ ti jọ̀, tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ti yan látọdúnmọ́dún ni. Gbogbo ìgbà tí a bá ń wọlé báyìí, iyanrìn kéèkì yín la ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo lọ sí Èbúté, mo bu òmíràn níbi tí wọ́n ti ń já iyanrìn. Iyanrìn ọ̀sà, omi ṣì ń kán lára ẹ̀. Mo dà á sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Mo ní iyanrìn kì í ṣe ẹ̀wà, kí la fẹ́ fọ̀ lára ẹ̀? Màmá mi, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó! Kéèkì ń hó! Nígbà tí mo ṣí i, òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja gba gbogbo ọgbà. Ìyá Rídì tó wà ní yàrá kejì yọ orí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹja lò ń sè ni àbí kéèkì?”

Mo ní, “Ìyá, méjèèjì ni. Oúnjẹ ìgbàlódé ni.”

Ẹ̀rín tí mo gbọ́ nínú ilé, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Bísí ṣílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó wo kéèkì, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo ẹ̀.” Ó wá ró ìró mọ́ àyà, ó ní kí n lọ bu iyanrìn míì wá. Ẹ̀ẹ̀meje la fọ̀ ọ́. A yan án títí ó fi ń dún bíi gààrí. Ọwọ́ ẹ̀ nínú abọ́ bọ́tà, ọwọ́ yín gẹ́lẹ́ ni, mi ò lè wò ó pẹ́.

Kéèkì yẹn jáde, mo pariwo. Ó rí bí òṣùpá àrànmọ́jú. Bísí na ọ̀bẹ sí i, mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ba ẹwà ẹ̀ jẹ́. Bó ṣe wà ló ń wọ agolo.

Ọjọ́ kejì Kérésì, mo wọ mọ́tò lọ. Bísí ní òun ò lè wo ojú Ìyá. Ìta ni mo bá wọn, wọ́n ń yá oòrùn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kọ́kọ́ gbé ọjà mi jáde, kí n fi dá wọn lára yá. Wọ́n wo èyí tó dúdú tó rí roboto. Wọ́n ní, “Ewúrẹ́ ta ni ìwọ ọmọ yìí tẹ̀ lé kiri?” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́ ṣubú. Mo da mílíìkì gbígbóná sí ti ọkà bàbà fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ kan ìdí abọ́. Wọ́n ní, “Ògì mà ni. Wọ́n kàn tàn án kó gbẹ ni.”

Wọ́n wá ṣí agolo. Wọ́n gbé kéèkì lé ẹsẹ̀, wọ́n ń yí i. Wọ́n fi ìka tọ etí ẹ̀ yí ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí okùn ti já. Èmi ń ṣe ẹnu. Mo ní orúnkún ti ń fúyẹ́. Mo ní ẹ ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá ní, “Odindi ni.”

Mo ní, “Odindi ni, Ìyá! Màmá ló ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án!”

Wọ́n wò mí. Wọ́n gbé agolo wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń bu omi, wọ́n ń ṣe àlùwàlá, àsìkò ìrun ò sì tíì tó. Wọ́n pẹ́. Mo jókòó, mò ń tẹ fóònù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti fi gèlè wọn di agolo. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní, “Máa tọ́jú àbúrò ẹ.” Ẹ̀yin gan-an, wọn ò ní kí n kí yín.

Mọ́tò ti dé Ìtòikín kí n tó tú gèlè. Ẹja méjì ló wà níbẹ̀. Mo gbé bébà ìdí agolo sókè. Mo wo abẹ́ àga mọ́tò. Ẹja méjì ni, màmá mi.

Bí mo ṣe délé, Bísí wo inú agolo. Ó bi mí lọ́rọ̀ kan ṣoṣo, “Ṣé ẹ gé etí ẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún wọn?” Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi iyanrìn yín ṣe, èmi tí ẹnu mi lè ta omi fún ẹja, mo kàn ń fi ìka ha sìmẹ́ńtì.

Ìgbà wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e fún wọn? Ṣé láti ìgbà tí ẹ wà lọ́mọge ni? Ṣé àwọn ló kọ́ yín? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín? Àbí ṣé Ìyá ti mọ̀ látìgbà orúnkún, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún obìnrin tó ń fi òrí ra orúnkún, tí wọ́n ń wo ẹnu mi bó ṣe ń yí? Mo rò pé èmi ni mò ń gba Ìyá là. Oṣù mẹ́wàá, bóyá àwọn nìkan ló ń sunkún yín nínú yàrá, kí irọ́ èmi má baà já.

Mo gbé agolo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Làtí. Wọ́n ka ẹja náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n ní ká jọ lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká lọ jókòó ti Ìyá, kí wọ́n lè sunkún ọmọ wọn níṣojú èèyàn.

Lọ́la la ń lọ. Mo ti di páálí ọkà bàbà méjì sínú báàgì, Ìyá ò ní eyín tó pọ̀. Bísí sì po kéèkì míì láàárọ̀ yìí, èmi ni mo fẹ́ná. Nígbà tó tutù, mo mú ọ̀bẹ yín. Mo gé etí ẹ̀ fẹ́ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lóòró, mo dijú, Bísí ní mo jọ yín burúkú. Ó dùn, màmá mi. Èèpo ọsàn ló kù díẹ̀ káàtó.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ, olè kéèkì tuntun ní Lásúnwọ̀n.