Màmá Tó Kọ Ìwé Àṣàkẹ́ Lórí Àkàlàmàgbò

Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí Màmá Títílọpẹ́ Adébùnmí Adégbénga lọ́dún 1951. Bàbá wọn, Adéjùmọ̀, jẹ́ káfíńtà. Ìyá wọn ni gbogbo ọmọ àdúgbò máa ń yí ká nírọ̀lẹ́ nítorí àlọ́. Ìdí àlọ́ yẹn ni Màmá dàgbà sí.

Lọ́dún 1971 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá àti Òṣogbo títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá gba abẹ́ wọn kọjá á mọ ìwé kà, á sì mọ ìtàn pa. Lọ́dún 1976 wọ́n fẹ́ Bàbá Gbémiga Adégbénga, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ṣáájú wọn lọ lọ́dún 2012. Onígbàgbọ́ ni Màmá, wọn kì í pa ìsìn jẹ.

Lọ́dún 2016 ni wọ́n dé Calgary ní Canada, sọ́dọ̀ Wùnmí ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Castleridge, láti bá a tọ́ Mofìyìnfólúwa ọmọ rẹ̀. Nígbà tí snow ò jẹ́ kí wọ́n jáde, wọ́n jókòó ti ìwé kíkọ. Nínú Àṣàkẹ́ Lórí Àkàlàmàgbò, ọmọdébìnrin kan gun ẹyẹ ńlá kọjá aginjù níbi tí àwọn iwin ti ń fi egungun ẹja ya irun. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń wá. Ìgbà tó máa bá wọn, wọ́n ti dé etí odò tí àwọn òkú ń rékọjá. Bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe fún àlejò tó ń lọ, Àṣàkẹ́ bá wọn gbé ẹrù, ó sìn wọ́n dé etí omi, ó ní kí wọ́n má bojú wẹ̀yìn, ó sì padà sílé.

Iléèwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé kan wà ní àdúgbò Skyview Ranch, níbi tí Màmá ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2022 wọ́n gbé ìwé náà lọ síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwándé, alága àwọn òbí, ló dá a padà.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìwé yìí ò appropriate fún àwọn kids. Iwin! Òkú! Wọ́n máa ní nightmares. Tí ẹ bá lè yọ last chapter yẹn, a máa lò ó."

Màmá ní, "Ọláwándé, tí mo bá yọ ọ́, ta ni yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń dágbére?"

Ní Sátidé kan náà, àwọn ọmọ Ọláwándé gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún àjẹ́ àti dírágónì wá sí kíláàsì, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Iwin tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di onígbàgbọ́ nìyẹn. Ìwé Màmá wọ páálí, páálí wọ basement, Mofìyìnfólúwa nìkan ni wọ́n ń kà á fún. Ó dùn wọ́n títí ọjọ́ ikú wọn, ìdílé ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó.

Lọ́dún 2025 àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Dúrótìmí, àkọ́bí wọn, ò lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Wùnmí kàn ń tún omi tí wọ́n fà sí wọn lápá wò ni. Mofìyìnfólúwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá gbogbo èèyàn lóhùn, ló gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi báàgì Màmá há wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, mo ti sìn yín dé ibí. Ẹrù yín rèé. Ẹ má bojú wẹ̀yìn."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ. Nínú gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ìwé tí kò yẹ ọmọdé ló kọ́ ọmọdé.

Màmá fi ọmọ méjì sáyé, Dúrótìmí àti Wùnmí, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méjì, Démiládé àti Mofìyìnfólúwa.

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, àwọn òbí iléèwé ti ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ìwé wọn jẹ́ "such a treasure". Ẹ ṣeun. Ìdílé tún gbọ́ pé ẹ ti fi àwọn ọmọ yín sílé lónìí, nítorí pé ìsìnkú ò yẹ ọmọdé. Mofìyìnfólúwa yóò ka orí tó kẹ́yìn ìwé náà sétí àwọn àga tó yẹ kí wọ́n jókòó sí.

Títílọpẹ́, ọmọ Adéjùmọ̀, kí omi odò náà tutù lẹ́sẹ̀ yín. Àwọn ọmọ yín ti sìn yín dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn mọ. Ẹrù yín rèé, Màmá. Ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bojú wẹ̀yìn.