Èmi Nìkan Ni Mo Ń Gùn Ún

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025

Ìyàwó Kejì tún fẹ́ gbé mi dà sínú igbó lónìí. Ọ̀nà Ìjàrẹ́ ni, níbi tí gálọ́ọ̀pù pọ̀ sí. Mo ń lọ wo oko ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa – iṣẹ́ ìjọba, òjò ni o, oòrùn ni o. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò kékeré báyìí, máṣìnì á máa fò sókè-sódò, kò ní í dákẹ́ títí n ó fi dé kòtò mìíràn. Ìbàdí ń dùn mí bí ìbàdí arúgbó.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó Kejì, nígbà tí Àjànàkú ṣì ń gùn ún, tí yóò nù ún dán láàárọ̀ kó tó rántí pé òun ní ìyàwó nínú ilé. Àjànàkú ni ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú ayé, Bàbá Ìtùnú ni. Ọkùnrin náà tóbi lóòótọ́. Kòkó ló ń rà kiri oko kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun mọ́. Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ní báyìí, èmi ni mo ń gùn ún, òun ló ń jókòó lẹ́yìn.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo bojú wẹ̀yìn. Bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń kà á.

Ọjọ́rú, 7

Adépọ̀jù, ọmọ ọ́fíìsì wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní òun rí ọkùnrin kan nítòsí Ọjà Ọba tó jókòó sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó di ìbàdí obìnrin náà mú gírígírí. Ó ní ọkọ ti di ẹrù. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Tèmi tilẹ̀ pẹ́ ju tiwọn lọ.

Mo dọ́gbọ́n bèèrè irú aṣọ tí ọkùnrin náà wọ̀. Kì í ṣe àwa.

Adépọ̀jù yìí náà ló ní kí n gbé máṣìnì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Àbdùlláhì, kó fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i.

Àbámẹ́ta, 10

Oǹdó. A lọ kí ìyá ọkọ mi, bí a ti ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N ó kọ bí a ti ń ṣe é sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n má tún kọ ọ́ mọ́. A ó kúrò ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Tó bá ku díẹ̀ ká wọ Oǹdó, oríta kan wà níbẹ̀. Àjànàkú á ní kí n dúró. Á sọ̀ kalẹ̀, á gbọn ṣòkòtò rẹ̀, á gun ọ̀kadà ọlọ́kadà wọ ìlú. Èmi á dúró díẹ̀ kí n tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé rẹ̀ rò pé mọ́tò ló ń wọ̀ wá láti Àkúrẹ́, pé èmi nìkan ni mo ń gbé máṣìnì bọ̀.

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí, n kò sì bèèrè. Ọkùnrin ni. Mo mọ̀ pé ojú ń tì í.

Ìṣẹ́gun, 13

Ọ̀dọ̀ Àbdùlláhì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn Ọjà Ọba. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ pọ̀ ju máṣìnì tó ń tún ṣe lọ. Adépọ̀jù wà láàárín wọn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹnu Àbdùlláhì kò kéré. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀kì bí òun ní gbogbo Àkúrẹ́, pé kí n ṣáà máa wo iṣẹ́ òun.

Ó yọ méjèèjì ẹ̀yìn dànù, ó fi tuntun sí i, èyí tí wọ́n lè yí ìdí sípíríńgì rẹ̀ kó le tàbí kó rọ̀. Ó da ọ́ìlì tuntun sí ẹsẹ̀ iwájú. Ó ní kí n jókòó lé e kí òun wo bí yóò ṣe rì tó. Mo jókòó. Ó wá bèèrè, ohùn rẹ̀ ròkè bí ohùn ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́ láyé rẹ̀, pé ta ló máa ń jókòó lẹ́yìn mi. Ó ní kí n pe onítọ̀hún wá, kí òun fi ìwúwo àwa méjèèjì ṣe é.

Adépọ̀jù gbójú sókè.

"Kò sí ẹnì kankan," ni mo wí. "Èmi nìkan ni mo ń gùn ún."

Ó yí sípíríńgì sí ibi tó rọ̀ jù. Ó ní obìnrin tín-ín-rín bí èmi kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ mi wà nílé nígbà yẹn, ó ń retí kí n mú ìròyìn máṣìnì rẹ̀ bọ̀. Máṣìnì rẹ̀ ni, òun ló rà á. Orí rẹ̀ náà ni mo jókòó sí tí mo fi sẹ́ ẹ.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ìjù lọ, Ìjù bọ̀. Ó dùn, n kò ní í purọ́. Kọ́nà tí mo máa ń fi ẹ̀rù yà, mo yà á bí ẹni ń yí àtẹ́lẹwọ́ padà. Gálọ́ọ̀pù ń kọjá lábẹ́ mi, n kò mọ̀. Mo ń kọrin lọ́nà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń juwọ́ sí mi.

Mo délé, Àjànàkú jáde wá. Ó fi ọwọ́ wá ìjókòó rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní, ó rọ̀ o. Mo ní bí tòde òní ṣe rí nìyẹn. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wọlé lọ.

Àbámẹ́ta, 17

Kò dára. Kò dára rárá. Bí Àjànàkú ti jókòó, ìdí máṣìnì rì wọlẹ̀, iwájú gbé sókè, iná rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Ọwọ́ máṣìnì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó yà sótùn-ún, ó ń rò ó lọ́wọ́. Gbogbo kòtò ni ìdí rẹ̀ ń gbá gbàù. Ọkọ mi kò ráhùn. Ó ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀ kí ẹrù lè kúrò lẹ́yìn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé mi lórí.

Nígbà tó yá, ó bèèrè ohun tí mẹkáníìkì wí. Mo ní ó sọ pé sípíríńgì tuntun ni, pé yóò mọ́ra tó bá yá. Irọ́ lórí irọ́.

A dé oríta. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 20

Iṣẹ́ kékeré ni kí Àbdùlláhì yí i le. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, mo kọjá bọ̀. Bẹ́ńṣì kún.

Ẹtì, 23

N ó lọ ní ọjọ́ Ajé. Dájúdájú, ọjọ́ Ajé.

Àìkú, 25

A ṣubú lánàá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà ń yọ̀. A ti kọjá ìdajì ọ̀nà Oǹdó. Kọ́nà kan – mo yà á bí mo ṣe máa ń yà á tó bá jẹ́ èmi nìkan. Ìdí máṣìnì gbá nínú kòtò, iwájú fò, ọwọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Mo gbórí sókè nínú koríko, orúnkún mi bó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjànàkú jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di èjìká kejì mú. Kò pariwo. Ó ń yíjú kiri, ó ń pe orúkọ mi, òun tí kì í pè mí ju Ìyá Ìtùnú lọ. "Morẹ́nikẹ́, ṣé o wà? Morẹ́nikẹ́."

Àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí bá wa dá ọkọ̀ dúró, wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Oǹdó. Eegun èjìká rẹ̀ ti kán. Ànńtí Fẹ̀yìntọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, sáré dé, ó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu. Ọkọ mi yára jù mí lọ.

"Èmi ni mo ń gùn ún," ló wí. "Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí, n kò gbọ́."

Ànńtí bú u níwájú gbogbo aláìsàn tó wà nínú wọ́ọ̀dù. Ó ní ojú ò ríran, kò sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi, ó fẹ́ pa á. Ọkọ mi kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́. Ànńtí wá yíjú sí mi, ó kí mi kú sùúrù, kú ìfaradà. Ó tú ìborí rẹ̀, ó fi nu ẹrẹ̀ kúrò lójú mi.

Mo jẹ́ kó nù ún.

Ọjọ́ Ajé, 26

Ọjọ́ Ajé pé. Máṣìnì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ọkọ mi wà ní Oǹdó. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 29

Ànńtí Fẹ̀yìntọlá pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn ò ní jẹ́ kó padà sí Àkúrẹ́. Ẹni tó lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ kò ṣe é fi sílẹ̀ fún obìnrin tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ẹbí á jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní Àbámẹ́ta.

Ìtùnú náà pè láti ilé ìwé ní Ìkàrẹ́. Ó ń sunkún, ó ń bínú. Ó ní òun kò fẹ́ bá bàbá òun sọ̀rọ̀, pé díẹ̀ ló kù kó sọ òun di ọmọ aláìníyàá. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní mo ti ń gbè é jù. Ọmọ tí ọkùnrin náà gbé sí iwájú máṣìnì yìí lọ sí ilé ìwé láti kékeré. Ojú tì mí débi pé mo pa fóònù, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ẹtì, 30

Adépọ̀jù bá mi lọ gbé máṣìnì wá. Àbdùlláhì tún ọwọ́ rẹ̀ tó wọ́ ṣe. Ó tẹjú mọ́ ìdí sípíríńgì, ó mi orí, ó bèèrè irú ẹrù tí mo gbé tó fi gbá báyìí.

Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo ní mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó ní ká ní mo ti sọ fún òun ni, òun ì bá ti yí i le. Ó mú sípánà, ó bèèrè bóyá n ó tún máa gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti pinnu láti sọ òtítọ́ fún ẹbí lọ́la. Mo ti há a sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Síbẹ̀ n kò lè sọ ọ́ níwájú àwọn ọlọ́fàlàlà orí bẹ́ńṣì wọ̀nyí. Mo ní rárá, n kò ní í gbé e mọ́. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

Ọkùnrin tó gba èébú mi sórí, mo pè é ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yẹn láti àṣálẹ́.

Àbámẹ́ta, 31

Mo gun máṣìnì dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Pálọ̀ ìyá rẹ̀: Ìyá, Ànńtí, àbúrò bàbá wọn kan. Ọkọ mi lórí àga, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. N kò jẹ́ kí wọ́n kí mi tán. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

"Èmi ni mo ń gùn ún. Ojoojúmọ́ ni mo ń gùn ún. Ẹ̀yìn mi ló ń jókòó sí."

Ìyá wá bú sẹ́kún. Ó ní ìyàwó wo ló kù láyé yìí tó lè gba ẹ̀bi ọkọ rẹ̀ rù báyìí. Ó gbàdúrà fún mi, ó gbàdúrà fún ìyá tó bí mi. Ànńtí ní àwọn mọ̀ pé mo fẹ́ bo ọkọ mi láṣìírí, pé kí n dìde. Àbúrò bàbá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní níbo ni wọ́n ti ń gbé irú ọkùnrin yìí sẹ́yìn obìnrin. Mo tún un sọ. Wọ́n tún gbàdúrà. Òwe sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi lé e bá, wọn kò dá a mọ̀. Wọ́n bu ẹran kún oúnjẹ mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti ọkọ mi jókòó sẹ́yìnkùlé. Mo bèèrè ìdí tó fi purọ́ nílé ìwòsàn. Ó ní wọ́n á bú òun lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á gbàgbé. Tó bá jẹ́ èmi, wọn ò ní í gbàgbé láé. Mo wá sọ ti Àbdùlláhì fún un. Bẹ́ńṣì, Adépọ̀jù, ìbéèrè, ohun tí mo fi dáhùn. N kò yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Mo ń sunkún.

Ó ní òun mọ̀. Kì í ṣe ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ – ìyẹn tilẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ti gbé àpò kòkó lórí máṣìnì yẹn kí n tó mọ ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó lé e ni mo ti mọ̀ pé o kò dárúkọ mi."

Mo ní kí ló dé tó tún fi gùn ún. Mo ní kó dárí jì mí, ó ní ó ti tán. Mo wá sọ pé èmi rò pé ojú ló ń ti òun náà, àbí kí ló dé tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ ní oríta?

"Èmi?" Ó yíjú sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi dáadáa. "Ìbàdí rẹ ni mo máa ń dì mú. Tí a bá ti ń sún mọ́ ìlú, gbogbo ara rẹ á le gbagidi. Mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí ara lè tù ọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ sílé, pé n ó wá mọ́tò, pé n ó bá ẹbí jà lórí ẹ̀. Ó ní kí n má bá ẹnikẹ́ni jà. Òun ló ní òun fẹ́ dúró.

"Wọ́n ń bú mi níbí," ló wí, "àmọ́ wọn ò fi mí pamọ́."

Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Mo gun máṣìnì padà sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀nà ti gbẹ. Mo dé kọ́nà tí a ti ṣubú, mo fẹ́ tẹ bíréèkì, kò tilẹ̀ nílò bíréèkì. Máṣìnì yà á jẹ́jẹ́. Ìdí rẹ̀ kò rì, ọwọ́ rẹ̀ kò mì, gálọ́ọ̀pù kan kò dé ara mi títí mo fi délé. Àbdùlláhì mọ iṣẹ́. Ó ṣe é bí mo ti sọ fún un gẹ́lẹ́.