Ottilia Wassberg, Òǹkọ̀wé Tí Kò Gba Alágbàtọ́ (1850–1926)

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1850 ni a bí ìyá wa, Olóògbé Ottilia Wassberg, ní ìlú Västervik létí òkun. Lars Wassberg, tó ń rán ìgbòkun ọkọ̀, ni bàbá wọn. Märta ni ìyá wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ àti èdè Faransé ni wọ́n kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ìyókù, nínú ìwé ẹ̀gbọ́n wọn, Konrad, ni wọ́n ti jí i kà.

Nígbà tí bàbá wọn kú ní 1872, Konrad ni òfin fi ṣe alágbàtọ́ wọn, torí ọmọdé ni òfin ka obìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí. Lọ́dún yẹn náà ni ìyá wa parí ìwé wọn àkọ́kọ́, nípa obìnrin kan tí kò láṣẹ lórí ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òǹtẹ̀wé gbà láti tẹ̀ ẹ́, bí alágbàtọ́ bá buwọ́ lù ú. Konrad kọ̀. Ó ní, "Ta ló máa fẹ́ ọ tí wọ́n bá ka eléyìí?"

Ọdún mẹ́ta ni ìyá wa fi dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí òfin kà wọ́n sí àgbà, wọ́n rin inú yìnyín lọ bá òǹtẹ̀wé, wọ́n sì buwọ́ lù ú fúnra wọn. Konrad kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó dùn wọ́n gan-an. Nígbà tó padà wá, ó jẹ́wọ́ pé òun kò tíì ka ìwé náà rí.

Ní 1879, Birger Nyqvist, olùkọ́ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní òun fẹ́ fi wọ́n ṣaya. Ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá wọlé ọkọ tún ti di ọmọdé lójú òfin nìyẹn.

"Birger, tí mo bá fẹ́ ọ lónìí, láti ọ̀la lọ ìwọ ni wàá máa buwọ́ lu ìwé mi."

"Mi ò ní dí ọ lọ́wọ́ láéláé."

"Mo mọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé àánú rẹ ni mo fi ń kọ̀wé."

Ìwé mọ́kànlá ni wọ́n kọ. Wọ́n gba Signe, ọmọ tí ọ̀rẹ́ wọn kú fi sílẹ̀, tọ́. Wọ́n ṣí yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Pásítọ̀ kan tìtorí rẹ̀ bú wọn látorí àga ìwàásù, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kejì, ìjókòó wọn náà ni wọ́n tún wà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, fún ọdún méjìlélógójì, Birger ń wá jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún lọ́dọ̀ wọn, á sì padà sílé tirẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1921, òfin tuntun sọ obìnrin tó lọ́kọ náà di àgbà. Lọ́sẹ̀ yẹn, Birger dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Kó tó lanu, ìyá wa ní, "Wọlé jàre, òtútù ń wọlé. Mo gbà." Oṣù kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, tí òfin kọ́kọ́ gba obìnrin láyè láti dìbò, àwọn méjèèjì jọ lọ dìbò.

Ìyá wa sùn ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 1926. Wọ́n fi ọkọ, Signe ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan àti àwa ọmọ ìjọ tó ń pè wọ́n ní ìyá sílẹ̀. A bi Bàbá Birger léèrè ohun tí a ó kọ nípa ọdún márùn-ún tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya. Bàbá ní, "Ẹ kọ ọ́ pé a ń mu kọfí àárọ̀ pọ̀."

Ìyá wa, ẹ máa sinmi. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ fún yín.