Ẹyin Inú Nono

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́. Àdúgbò Limawa.

Mo se oúnjẹ tí àwọn ará Tọ́kì ń pè ní çılbır lónìí. Ẹyin ni, tí a fọ́ sínú omi gbígbóná, tí a gbé lé orí nono, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, tí a sì da bọ́tà yíyọ́ àti ata lé lórí.

Nígbà tí mo sọ fún obìnrin Fúlàní tó ń ta nono pé n kò fẹ́ fura, ọkà rírọ̀ tí wọ́n máa ń pò mọ́ nono, pé ẹyin ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Baba!"

Ẹ̀rín ni tirẹ̀. Tèmi kì í ṣe ẹ̀rín, lọ́jọ́ tí Bọ́lá ọmọ mi mú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ará Tọ́kì wá, tó sì se é fún mi. Mo ti àwo náà sẹ́yìn lójú ọkọ rẹ̀. "Ṣé oúnjẹ ajá rèé?"

Bọ́lá rọra ní, "Bàbá, lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó jẹun á sọ fún ẹni tó sè é pé, kí ọwọ́ rẹ ní àlàáfíà."

N kò sọ ọ́. Látìgbà náà, ọdún sí ọdún nìkan ló ń kí mi lórí fóònù.

Oúnjẹ náà dùn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo fi búrẹ́dì nu àwo, kò sì sẹ́ni tí mo lè kí pé kí ọwọ́ rẹ̀ ní àlàáfíà nínú ilé yìí.

Mo pè é. "Bọ́lá, mo se ẹyin inú nono yẹn lónìí. Kí ọwọ́ rẹ ní àlàáfíà. Mo ṣẹ̀ ọ́."



"Bàbá, ṣé ẹ fi aáyù sí nono náà?"

"Mo gbàgbé."

"A jẹ́ pé ẹ ò tíì jẹ ẹ́ nìyẹn."

Kò sọ pé òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ajá yẹn. N kò sì bi í.

Ó ku ẹyin méjì. Màá ra aáyù lọ́la.